Ìdì Káàdì Tí Kò Ní Asà

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn dáadáa láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti yọ? Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín ní èbúté ti ń jẹ́ kí ẹ rí ojú sinmi? Inú mi á dùn tí gbogbo yín bá wà ní àlàáfíà. Ẹ má bínú tí ìkíni mi bá yá jù, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Gbogbo ohun tí Bàbá ń sọ fún yín lórí fóònù pé ara òun le bí ọta, irọ́ ni. Egbò kékeré tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ òsì lọ́jọ́sí ti di ńlá. Ẹ mọ̀ pé àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ yìí, kí ó tó gun òkè. Ó ní tó bá fi lè gun òkè, òun kò lè ṣèlérí ẹ̀mí fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ kúkú mọ ilé wa, tí ènìyàn bá sín ní yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó wà ní pálọ̀ á ní pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù, tí mo fi wá ń fi bírò pariwo.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó sọ fún dókítà? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwa kọ́kọ́ lu Lánlọ́ọ̀dù bolẹ̀ ná. Dókítà fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ jà, pé àwọn kan wà tó lè bá wa bẹ onílé. Èmi ni mo wá ṣàlàyé pé káàdì ni, eré tí ẹ rà sílẹ̀ fún wa kí ẹ tó rìnrìn-àjò. Mo ní òmìrán onírin tó fẹ́ gba ìlú nínú eré náà ni Bàbá sọ ní Lánlọ́ọ̀dù, torí pé gbogbo ìgbà tí a bá ti ta tiwa tán ló máa ń wá gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ yáa tètè lù ú, nígbà náà."

Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó rí okùn nínú kànga. Mo ní tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló máa mú Bàbá dé ilé ìwòsàn, màá bá a lù ú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń lu ọ̀tá mọ́ lórí tábìlì wa. Akọni tí Bàbá ń lò, Agbàlú, ète tí Lánlọ́ọ̀dù fi ń gba ìlú ló ń tú. Alásà tèmi, ààbò ló ń ṣe. Bàbá á kó àmì ète kúrò, Lánlọ́ọ̀dù á tún tò ó jọ. Iná ò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò tán léèékánná. Nígbà tí àmì bá wá kún, ìlú ti lọ nìyẹn, àwa méjèèjì á sì jọ pàdánù. Ẹ̀yin lẹ ń lù, ẹ̀yin lẹ ni Ìjì, akọni oníjà, ẹ sì kó gbogbo ogójì káàdì rẹ̀ sínú àpò lọ.

Ni mo bá pinnu láti to ìdì tuntun jọ, ìdì oníjà. Lọ́jọ́bọ̀, mo pa fíríìjì oníbàárà tí mò ń tún ṣe tì, mo tẹ́ káàdì sórí fíríìsà kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì mú Olóòlù, obìnrin tó ń fi òòlù jà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò mọ́gbọ́n dání. Gbogbo káàdì ìlù tó tóbi jù ni mo kó sínú rẹ̀, mo gbàgbé pé káàdì ọwọ́ ẹni la fi ń san owó káàdì. Tí mo bá ju ọ̀kan tó wúwo, ọwọ́ mi á ṣófo. Mo wá dà bí ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní epo. Nígbà tí a ta á nílé lálẹ́, Lánlọ́ọ̀dù lù mí bí aṣọ òfì, Bàbá sì ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ."

Mo tún un tò. Mo yọ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó wúwo, mo fi àwọn kéékèèké tí owó wọn kò pọ̀ rọ́pò wọn, mo wá fi èyí tó ń fa káàdì mìíràn wá sọ́wọ́ há wọn láàárín. Ó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bẹ̀rù, mo fi asà mélòó kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá fẹ́ lu ọ̀tá gan-an ni asà máa wá sọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo yọ wọ́n. Gbogbo wọn pátá. Mo ti mọ̀ pé Olóòlù tí kò lásà máa ṣubú láìpẹ́, pé ohun tó bá lè lù kó tó ṣubú ni èrè rẹ̀. Àmọ́ òfin eré náà ni pé tí ẹnìkan bá ṣubú, tí ẹnìkejì rẹ̀ bá pa ọ̀tá, àwọn méjèèjì ló borí. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Lánàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la ta á. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá dìde dúró lórí àga. Mo ń lù, mo ń fa káàdì, mo tún ń lù. Lánlọ́ọ̀dù tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀mí mẹ́rin péré ló kù sí i lára nígbà tí mo ṣubú. Ó wá kan Bàbá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá dojú káàdì délẹ̀, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Lánlọ́ọ̀dù lu òun náà, ó parí. Mo ní kò burú, a gbìyànjú.

Ìgbà tí mo ń ṣa káàdì jọ sínú páálí ni mo ṣí àwọn tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ìkúùkù Àṣekágbá wà níbẹ̀, tó ń gba ẹ̀mí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Káàdì tó máa fi san owó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá wa tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, tí kò ṣi ṣẹ́ńjì fún ẹnikẹ́ni rí, ṣé òun ni kò ní mọ̀ pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ? Ó mọ̀. Kò fẹ́ kí a borí ni.

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Oníyìnyín tí ẹ̀ ń pè mí nítorí iṣẹ́ fíríìjì yìí, gbogbo yìnyín inú mi ló yọ́. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, ẹ kúkú mọ̀ mí. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń pààrọ̀ báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bi í léèrè. Kò jiyàn.

Ó ní, "Ọmọ mi, eré yẹn, a jọ ń ṣe é ni. Tí Lánlọ́ọ̀dù bá ti ṣubú, ibi tó kàn, èmi nìkan ni wọ́n máa tì wọlé."

Mo ní màá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, pé n kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn á fi gbé e jáde.

Ó ní, "Ìwọ nìkan?"

Ó wá kọjú sí ògiri. Ó ní kí n má yọ yín lẹ́nu o, pé iṣẹ́ yín kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. N kò lè fi agbára gbé e lọ, n kò sì mọ ohun tí mo tún lè yọ kúrò nínú ìdì yìí, tàbí ohun tí mo lè fi kún un. N kò dá asà kankan padà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé tí a bá di mẹ́ta, ẹ̀mí Lánlọ́ọ̀dù náà máa pọ̀ sí i. Kó pọ̀. N kò sọ pé tí a bá lù ú bolẹ̀, Bàbá máa fọwọ́ sí ìwé náà, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ka iye àwa tó wà nídìí tábìlì, ó sì rí i pé a ò tó.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé ohun tí mo ń béèrè kò rọrùn fún un. Ẹ bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Awakọ̀ tó fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ Bàbá tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni, òun ló máa ń ra bisikíìtì fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń padà bọ̀, á sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti sọ fún mi pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ òun, òun kò ní gbé èrò kankan síbẹ̀.

Ẹ má kọ èsì. Ẹ kó káàdì Ìjì sápò, kí ẹ wọ ọkọ̀.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ti gbé àga kẹta sídìí tábìlì,
                                        Oníyìnyín.