Omi Tí Mo Fi Dí Ẹnu Mi Lọ sí Ìpakodò

Afọlábí, Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé ara rẹ tutù? Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí o lè dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ọlọ́run tó mú ọ sọdá ọ̀sà yóò mú ọ padà wálé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ, a kò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí o ń lò kò ní gé ọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ Rọ̀kíbátù ní kí n kí ọ, nígbà tí mo sì kí ọ tán, ó ní kí n tún kí ọ. Bàdírù àbúrò mi náà kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ mẹ́ta, akọ méjì, abo kan, abo náà ló lágídí jù.

N kò mọ̀wé, ìwọ náà mọ̀. Tíṣà Sàlàkọ́ ló ń bá mi kọ èyí, ọkùnrin Sàró tó ń kọ́ àwa onígbàgbọ́ mọ́kànlá tó wà ní Ìkòròdú yìí ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo ti bá a ṣe àdéhùn pé gbogbo ohun tí mo bá ti sọ ni kó kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kì í purọ́. A ó rí i.

Owó fàdákà tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa. Ó di ọdún kẹta báyìí tí òyìnbó ti gba Èkó, ṣùgbọ́n owó ẹyọ ni àwa ṣì ń ná níbí, nítorí náà gbogbo agboolé ló wá wò ó. A kò tíì ná an. Ìyá rẹ ní kò yẹ kí a ná an láìmọ obìnrin tó wà lára rẹ̀. Ṣé ìyàwó ọ̀gá rẹ ni? Bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jẹ́ kí o fi àwòrán òun ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n fọgbọ́n bi í bóyá inú ló ń bí i lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, nítorí ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí wa, kò wo ojú wa rárá.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Àwọn ọlọ́kọ̀ Ìbẹ̀ṣẹ̀ mú ìròyìn wá pé ilẹ̀ gbígbóná ti wọ Èkó. O mọ̀ pé a kì í pe àìsàn yẹn ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Tíṣà pè é ní gbangba nínú ilé mi, ìyá rẹ sì dìde jáde. Láti ìgbà náà àwọn ọlọ́kọ̀ kì í gúnlẹ̀ ní Èkó mọ́, ojú omi ni wọ́n ń dúró sí tí wọ́n ń nawọ́ ẹrù síra wọn, ó sì ti lé ní oṣù kan tí a ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. A tún gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn lápá, tí wọ́n ń fi oje àìsàn náà sí i, kí àìsàn náà lè rò pé òun ti débẹ̀ rí. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fún ọ, apá òsì ni kí o nà sí wọn, kí o lè fi ọ̀tún ṣiṣẹ́. Kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sín méjì sí i lára rẹ, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ìyá rẹ, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Tíṣà ní kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ṣáà bẹ̀ wọ́n.

Nítorí àìsàn yìí ni àwọn àgbà ìlú ṣe pe gbogbo ènìyàn jọ sí etí omi ní Ìpakodò lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti ṣe tiwọn. Wọ́n pe mùsùlùmí, wọ́n pe olórìṣà, wọ́n pe àwa onígbàgbọ́, pé kí oníkálukú gbàdúrà ní ọ̀nà tirẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, kí àwọn yòókù sì máa ṣe Àmín. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé inú ìjọ wa. Tíṣà ní a kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní Àmín kì í ṣe ìkíni, ẹni tó bá ṣe Àmín sí àdúrà ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí àdúrà tí a kò gbà lórúkọ Jésù ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ilé Ọlọ́run, ó fi ìkejì síta. Ìyá Ẹlẹ́ní, arúgbó tó ń hun ẹní lẹ́yìn ọjà, tó ṣe ìrìbọmi ṣáájú gbogbo wa, ní òun á lọ. Ó ní nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé àdúrà wa, ta ló bá wa gé koríko? Ó ní àwọn mùsùlùmí ni, Bàdírù gan-an ló gun òkè lọ dì í, kò sì bi wá léèrè orúkọ ẹni tí a fi ń gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà ní òun mọ̀, òun sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni koríko, ọ̀tọ̀ ni àdúrà. Afọlábí, àwọn méjèèjì ló ń sunkún. N kò mọ ẹni tí ǹ bá gbè lẹ́yìn.

Èmi kò lè jókòó sílé, ọmọ mi ló wà ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí Tíṣà yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi ní Ọjọ́ Àjíǹde, torí ó ti sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe Àmín níbẹ̀, òun á yọ ọ́. Ìwọ lo ní kí n lọ bá wọn. Ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ Òfin Mẹ́wàá, mo sì ti mọ mẹ́jọ. Mo wá dá ọgbọ́n kan. O mọ ẹnu mi. Bí ènìyàn bá ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ì báà jẹ́ adìẹ rẹ̀ ló ń gbàdúrà fún, n óò ti ṣe Àmín kó tó parí. Mo bu omi kún ẹnu láti ilé, mo pa ètè dé, mo rìn lọ sí Ìpakodò, o sì mọ bó ṣe jìnnà tó. Gbogbo ẹni tó kí mi lọ́nà ni mo ń mi orí sí. Wọ́n rò pé eyín ló ń dùn mí, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn.

Àwọn olórìṣà ló kọ́kọ́ gbàdúrà, omi wà lẹ́nu mi. Lèmọ́mù gbàdúrà tirẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́ní ń ṣe Àmín ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ Jésù sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí di òní Tíṣà kò tíì mọ ìjìyà tó tọ́ sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Lèmọ́mù ní kí baba kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ní Èkó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè, kí gbogbo ìlú ṣe Àmín sí i. Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kàn mí. Gbogbo ìlú ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. N kò lè pe orúkọ rẹ. Èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ! Bàdírù bi mí pé kí ló dé, ó dúró dè mí títí, nígbà tí kò rí èsì, òun ló gbé ọwọ́ sókè, ó ní Afọlábí Àkànbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ gbígbóná mọ ẹnu ọ̀nà ilé tó ń sùn sí. Àmín bá jáde lẹ́nu mi. Omi ló ṣáájú rẹ̀. Ara agbádá funfun Bàdírù ni gbogbo rẹ̀ balẹ̀ sí, kò sì nù ún, ọwọ́ mi ló dì mú. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò sì tì mí.

Tíṣà ti gbọ́ kí n tó délé. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi kálámù fa ìlà lé orúkọ mi lórí. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí orúkọ mi máa ń wà, òun ni ìkẹta láti òkè. Ó dùn mí wọra. Mo bi í bóyá bí mo bá mú ọṣẹ wá, ìlà náà á lọ. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà, ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Ó ní bí mo bá lè dìde níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi, kí n sọ pé mo ronú pìwà dà nínú Àmín yẹn, òun á tún orúkọ mi kọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Òun ló bá mi ro oko nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, èèyàn dáadáa ni, kó kọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n wò ó, Afọlábí. Mo fẹ́ ìrìbọmi náà, mo fẹ́ ẹ gan-an. Bí mo bá wá kó Àmín mi kúrò nílẹ̀ báyìí, kí ló kù lórí rẹ ní Èkó? Tíṣà ní ìrònúpìwàdà kì í gba àdúrà padà lórí ẹni tí a ṣe é fún. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹnu kálámù rẹ̀.

Nítorí náà mo ti pinnu. N kò ní ronú pìwà dà títí o fi máa kọ̀wé sí mi pé ara rẹ le, pé ilẹ̀ ti tutù ní Èkó pátápátá. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ bá dé gan-an ni n óò dìde níwájú ìjọ, n óò sì ronú pìwà dà débi pé àánú mi á ṣe wọ́n. Bí Ọjọ́ Àjíǹde bá kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó kọjá. Bí àárẹ̀ bá wà lára rẹ tí ọwọ́ rẹ kò lè kọ̀wé, kí o ṣáà fi ọwọ́ rẹ kan ìwé náà, kí o fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n óò mọ̀. Bí ara rẹ bá sì le, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí a fi ra aṣọ mìíràn fún Bàdírù, nítorí mo ti jẹ obì kí n tó bu omi sẹ́nu lọ́jọ́ náà, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì lọ. Kí o fi iyọ̀ kún un fún ìyá rẹ.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún Tíṣà, ibí ni yóò ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ẹnu mi ti ṣófo, Lèmọ́mù bèèrè bóyá ó ku ọmọ ẹnì kan. Mo wá rántí pé Tíṣà ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Dọ́kásì, tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé àwọn ìyá òyìnbó ní Èkó, àti pé baba rẹ̀ wà nílé nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ náà. Mo bá pè é. Mo ní Dọ́kásì ọmọ Sàlàkọ́. Gbogbo Ìkòròdú ló ṣe Àmín sí i, mùsùlùmí, olórìṣà, gbogbo wọn, mo sì ṣe tèmi.

Tíṣà gbé kálámù sílẹ̀. Mo ní kó gbé e, lẹ́tà tèmi ni. Ó gbé e. Mo bi í bóyá kí n ronú pìwà dà nínú ìyẹn náà, ó ní kí n máa bá lẹ́tà mi lọ.

Jẹ́ kí n súre fún ọ. Afọlábí, o kò ní kú sí ìdálẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi gbà ọ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí ni n óò fi gbà ọ́ ní èbúté. Ìwọ àti Dọ́kásì ni ọkọ̀ kan náà yóò jọ gbé wálé, ara yín yóò jọ̀lọ̀, kò ní sí àpá kan lójú yín. N kò rántí fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ èmi fúnra mi kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n Tíṣà ti ṣe Àmín. Mo gbọ́ ọ. Ìyá rẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti kọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.