Aró Búlúù Lórí Kùkùté

Abúlé Hirsivaara,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án.

Irja, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé. Mo lérò pé ikọ́ rẹ ti lọ, o sì ń sùn dáadáa. Ara èmi àti màmá rẹ le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n tẹ̀ ọ́ láago.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni o fẹ́ buwọ́ lùwé gba igbó wa. Jọ̀wọ́, má buwọ́ lu nǹkan kan kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Mo mọ̀ pé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Tampere nítorí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ṣé o rántí ìgbà ooru tí ìjì wó igi kuusi wa, àwọn igi pákó eléwé bí abẹ́rẹ́ yẹn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí mo sì ní láti gé wọn, lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn? O mọ̀ pé bí a bá gé kuusi lásìkò ooru, dandan ni ká wọ́n oògùn sórí kùkùté. Ohun ẹlẹ́mìí ni oògùn náà: irúgbìn olú tí kì í pa igi ni, òun ló ń tètè jókòó sórí kùkùté kí olú burúkú tó ń jẹ gbòǹgbò má baà ráyè. Inú fíríìjì là ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èmi gbàgbé tèmi sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú oòrùn. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn rẹ̀ ti yí. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbégi ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bá pò ó mọ́ aró búlúù tí a fi ń mọ kùkùté tí a ti wọ́n oògùn sí, mo wọ́n ọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó rí búlúù lórí gbogbo kùkùté, ó yìn mí, ó mu kọfí wa, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé kuusi kan nítòsí àwọn kùkùté yẹn. Lóde, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Inú rẹ̀ ti pọ́n, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí omi dà sí. Mo gé èkejì, mo gé ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Olú náà ti gba abẹ́ ilẹ̀ láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ikú mi.

Mo sọ fún Urho, ẹ̀gbọ́n màmá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tauno, ta ló ń wo abẹ́ ilẹ̀? Jẹ́ kọ́mọ buwọ́ lùwé ná. Tó bá rí i lọ́jọ́ iwájú, á ní Ọlọ́run ló ṣe é." N kò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Màmá rẹ ń bu kọfí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Baba Irja, o ti wọ́n omi aláró lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ọmọ lo tún fẹ́ wọ́n ọn sí lára?"

Ojú ń tì mí gan-an. Bí o bá ṣì fẹ́ ilẹ̀ náà, má gbin kuusi sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn láyé rẹ. Igi koivu, èyí tí èèpo rẹ̀ funfun, ni kí o gbìn, olú yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, n kò ní bínú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó fún ọ lọ́gbọ́n ju tèmi lọ. Ohun tí o bá fọwọ́ rẹ gbìn, kó yè.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣẹ̀ ọ́,
Tauno.

Àfikún: Mo gé pákó pẹlẹbẹ kan lára kuusi tó ti jẹrà náà sínú àpò lẹ́tà yìí. Fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wò. Mo mọ ara mi: bí mo bá pè ọ́ lọ́la tí mo ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, má gbà mí gbọ́.