Ọpọ́n Ìwẹ̀ Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín láti Èkó níbí, kí ẹ fi ojú inú wò mí nílẹ̀. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú ilé tí kò sí ìyá mọ́. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Àṣàkẹ́ tó ń se oúnjẹ yín, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ kí Baálẹ̀ àti gbogbo ará abà wa. Tíṣà Lálúpọn tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí wọn náà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ibì kankan, bí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ le.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà. Bàbá, mo ti fi ẹnu ránṣẹ́ sí yín títí, ẹ ò dá mi lóhùn. Bóyá bí gbogbo Lálúpọn bá bá mi bẹ̀ yín, ẹ ó gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ má wẹ̀ lórí òkúta balùwẹ̀ wa mọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá mi ti ṣubú. Ọpọ́n ìwẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ń bẹ nílé, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa wẹ̀.

Láníyan, ọmọ ilé kejì sí wa tó máa ń kó iṣu wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Èkó, ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní eékún yín ọ̀tún ti wú, ẹ sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní ẹ ò jẹ́ kí Àṣàkẹ́ bá yín gbé omi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbé igbá omi lọ sẹ́yìn ilé, lórí òkúta kan náà tó ti hu ewé tútù lára, tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà tó sọ ọ́ tán, oúnjẹ tó wà níwájú mi kúrò lọ́kàn mi. Mo bú Láníyan láìṣẹ̀, bí ẹni pé òun ló kọ́ balùwẹ̀ náà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo kúrò nílé, iṣẹ́ ojú irin ni mo bá lọ. Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lẹ́yìn. Mo bọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ọmọ Ẹ̀gbá, tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi nínú ilé àwọn òyìnbó. Páìpù ni irin gbọọrọ tó ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ ilẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, títí yóò fi wọ inú ilé. Èèyàn á yí ẹ̀rọ lára ògiri, omi á sì máa dà. Ìyá mi kò gba èyí gbọ́ títí tó fi kú. Ó ní bí omi bá ń tọ èèyàn wá nílé fúnra rẹ̀, ibo làwọn ọmọbìnrin á ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Ní báyìí, ilé òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú. Ìkòkò irin ńlá kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, èmi ni mò ń dáná sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kí omi gbígbóná lè gba páìpù wọ ibi ìwẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀gbìn funfun á dì mọ́ inú ìkòkò náà, iná á wá máa jó lásán, omi ò sì níí gbóná. Èmi ni mò ń tú u, tí mò ń ha á, tí mò ń ṣàn án. Bí ẹ̀rọ bá ń jò, mo máa ń gé awọ pélébé kan, màá fi í sínú rẹ̀, jíjò á dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń fẹ́ iná yẹn, mo máa ń bi ara mi pé omi ta ni mò ń gbé kaná yìí ná? Ọkùnrin tí kò mọ̀ pé Àlàó lorúkọ mi ni. Sámúẹ́lì ló ń pè mí, nítorí pé Sámúẹ́lì lorúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Àwọn tó bí mi sì ń fi omi tútù wẹ̀ nínú ọyẹ́.

Inú ilé yẹn ni ọpọ́n ti wá. Ìyàwó òyìnbó náà ti ìlú wọn dé, ó wo ibi ìwẹ̀, ó ní kò dùn ún wò. A bá tú gbogbo rẹ̀. A hú pákó ilẹ̀, a tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tó ń dán sí i, a gbé ọpọ́n tuntun wọlé, a fi ẹ̀rọ méjì sí orí rẹ̀, ọ̀kan fún omi tútù, ọ̀kan fún gbígbóná. Wọ́n ní ká gbé ti àtijọ́ dànù. Dànù kẹ̀! Ọpọ́n irin tí inú rẹ̀ funfun báláú, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ẹsẹ̀ ẹkùn, tí kò ní àbùkù kan ju pé etí rẹ̀ họ díẹ̀. Mo tọrọ rẹ̀, wọ́n fún mi. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń di ògiri mú kó tó lè bẹ̀rẹ̀ bu omi ní balùwẹ̀.

Mo fi koríko gbígbẹ dì í, mo fi í sínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yin lẹ sì rán àwọn géńdé lọ pàdé rẹ̀ ní Lálúpọn. Láníyan ní àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé wọn, wọ́n ń kọrin, àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ ojú omi ni Àlàó fi ránṣẹ́ sílé tí kò ní odò ńlá. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Mo rò pé wàhálà Ìyá mi ti tán.

Kí ni Ìyá mi wá fi ọpọ́n ṣe? Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ó ní nǹkan tó funfun báyìí, a kì í fi ẹsẹ̀ oko wọ̀ ọ́. Ó gbé e sínú yàrá rẹ̀, ó kó ègúsí sínú rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tí mo ránṣẹ́ béèrè, ó ní òun ń gbádùn rẹ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Irọ́ ìyá ni. Ohun tó sọ fún Àṣàkẹ́ ni pé òun ti kà á mọ́ ẹrù ìkẹyìn òun, pé inú rẹ̀ ni kí wọ́n ti wẹ òun lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun bímọ.

Bí gbogbo wọn ti ń ṣe náà nìyẹn. Aṣọ tó dára jù lọ tí ọmọ bá rà, ìsàlẹ̀ àpótí ló ń lọ, wọ́n á ní ti ìsìnkú ni. Wọ́n á ró àkísà káyé, wọ́n á wá fi òfì wọ ilẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá mi kò mu ọmú tèmi, ó gbé e pamọ́ de ikú. Ẹ̀yin òbí yòókù tí ọmọ yín wà ní Èkó, tí ẹ ń gbọ́ ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí yín lónìí.

Ikú náà kò sì pẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ òjò kan ni. Ó gbé igbá omi rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò tún dìde mọ́. Wọ́n ní ó ń béèrè mi, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n má ránṣẹ́ pè mí, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ìròyìn fi máa dé Èkó, ẹ ti sin ín. Inú kòtò ni mo wà lẹ́yìn ilé òyìnbó, mò ń so páìpù, nígbà tí ẹni tó mú ìròyìn wá dúró lókè orí mi. Mo so páìpù náà tán kí n tó jáde. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí erùpẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Àṣàkẹ́ ṣe bí ó ti sọ. Wọ́n kó ègúsí kúrò, wọ́n gbé ọpọ́n jáde, wọ́n pọn omi, wọ́n gbé e kaná, wọ́n sì tẹ́ Ìyá mi sínú rẹ̀. Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ tó wẹ̀ nínú ọpọ́n rẹ̀ nìyẹn. Láníyan ní ó yẹ ẹ́, pé gbogbo abà ló ń sọ ọ́. Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Omi gbígbóná, Bàbá! Omi gbígbóná tí mo tìtorí rẹ̀ fi ọpọ́n ránṣẹ́, ìgbà tí ara rẹ̀ kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́ ni wọ́n tó bù ú sí i lára. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, n kò lè fi bò.

Igbá tí a fi bu omi wẹ òkú, ńṣe là ń fọ́ ọ. Kànìnkànìn rẹ̀, ńṣe là ń jù ú sígbó, kí alààyè kankan má baà tún fi kan ara. Ṣùgbọ́n ọpọ́n irin kò ṣeé fọ́. Ni wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ìdí ewúro lẹ́yìn ilé, adìẹ sì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Láníyan ní bí ẹ bá ń lọ sí balùwẹ̀, ẹ máa ń gbé ojú kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń gbé ojú kúrò ni ìwòsàn eékún yín wà, ibi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé ni ikú wà.

Òjò ń rọ̀ níbí láìdáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ òkun ń mú kí gbogbo irin dípẹtà, títí kan kọ́kọ́rọ́ àpótí mi. Yàrá kan náà ni èmi àti àwọn Ìjẹ̀bú kan ń gbé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi ẹnu ìlú wọn bá ara wọn ṣàwàdà, ńṣe ni mo máa ń kọjú sí ògiri. Láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kì mí ní oríkì mi. Owó tí mò ń rí kò tó nǹkan, ẹ má bínú sí èyí tí ẹ ń rí gbà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ta ni yóò sáré bu omi fún mi mu?

Ẹ gbọ́, Bàbá. Ohun tí a máa ṣe kò le. Kí Àṣàkẹ́ lé adìẹ kúrò. Kí wọ́n fi eérú àti omi gbígbóná fọ ọpọ́n náà tinú tẹ̀yìn, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, nítòsí ààrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ru omi gbígbóná rìn jìnnà. Kí wọ́n tẹ́ òkúta sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kó má baà mì. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbẹ́ igi tí wọn yóò fi dí i, mo fi awọ wé e lórí kó má jò, Láníyan ló ń mú un bọ̀. Kí wọ́n la ojú omi láti abẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí omi tó bá dúró sójú kan ló ń mú ilẹ̀ yọ̀. Omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i, kí gbígbóná tó tẹ̀lé e, kí Àṣàkẹ́ sì ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́ wò. Òkúta balùwẹ̀ àtijọ́ yẹn, kí wọ́n hú u dànù. N kò fẹ́ bá a níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ọpọ́n òkú ni, pé èèyàn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú. Nítorí náà ni mo fi bá ọ̀gá mi, ọmọ Ẹ̀gbá yẹn, sọ̀rọ̀ pé mò ń lọ sílé. Ó ní bí mo bá lọ, ẹlòmíràn á gba ipò mi. Mo ní kó gbà á. Òyìnbó náà á rí Sámúẹ́lì mìíràn pè.

Bí oṣù tuntun bá ti lé, mo ń bọ̀. Kí n tó dé, ẹ jókòó sórí àpótí nínú yàrá, kí Àṣàkẹ́ máa gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá bá yín. Ẹ má bá a jà. Ọjọ́ tí mo bá dé, kí wọ́n gbé omi kaná. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọ inú ọpọ́n náà, níṣojú yín, níṣojú gbogbo abà. Ní balùwẹ̀ àtijọ́ yẹn ni Ìyá mi ti máa ń tẹ́ mi sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó ń wẹ̀ mí, nígbà tí n kò tíì lè dá jókòó. Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Ọpọ́n tó gba Ìyá mi mọ́ra kẹ́yìn, kí ni yóò fi mí ṣe? Bí mo bá jáde, tí mo nu ara mi, tí ẹ rí i pé n kò kú, ẹ̀yin ló kàn. Èmi fúnra mi ni màá di apá yín mú wọ̀ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé omi kaná fún àjèjì, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbé tiyín kaná nígbà tí ara yín ṣì mọ̀ pé ó gbóná.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ kí n tó dé. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó sì wẹ omi ọmọ. Mo kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, mo sì kí ìdí ibojì Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ń bọ̀ lọ́nà,
Àlàó