Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ameenat

Ẹ̀gbọ́n mi Alameen,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ẹ̀yin, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ? Màmá ń kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ òrùlé wa ní Okota ṣì ń jò.

Màmá ló ní n má sọ èyí fún yín lórí fóònù. Ameenat àbúrò wa ti kú. A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ pé ó tín-ínrín jù láti ṣe ìyàwó, ló bá ń lo oògùn ìsanra. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún tán, ó pa á tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ó ń bì, títí ó fi dákú. Dókítà ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa tó ń pèsè ohun tó ń gbé ara ró. Oògùn yẹn ti ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà ara náà sì sùn. Nígbà tí Ameenat pa oògùn tì lójijì, ẹ̀yà ara náà kò jí mọ́.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó dẹ́kun ikú ọ̀dọ́ nílé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò rẹ̀ tí ẹ kọ “Ayé ń yẹ ọ́” sí kúrò lórí Wáásáàpù. Wíwú tí oògùn mú bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ la pè ní ẹwà; àìsàn ni gbogbo wa ń kí kú oríire.

Èmi àbúrò yín,
Motọ́lání