Igi Gọ́ọ̀fù Olórí Pákó

Àbíjàn, Oṣù Kẹta 1989

Ìyá Sèmíù mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ajégúnlẹ̀? Ara mi le, oúnjẹ pọ̀ níbí. Má wo bí mo ṣe rù nínú fọ́tò tí mo fi sínú àpòòwé yìí. Nnamdi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí Kóòṣì Akpos tó mú mi wá gbá gọ́ọ̀fù níbí máa ń ka èyí tí mo bá fẹ́ fi sí pọ́ọ̀sì.

Nígbà tí a dé, ó gba igi gọ́ọ̀fù mi olórí pákó. Ó ní ayé ti yí padà, ó sì fún mi ní olórí irin. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù mi ti ń yà bàrá. Lánàá, mo rí igi mi nínú àpò òyìnbó kan tí kóòṣì ń kọ́ ní gọ́ọ̀fù. Òwú pupa tí o fi wé ìdìmú igi náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kóòṣì, ṣé igi mi kọ́ nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Múfútáù, igi jọra. Abeg, face your game."

Mi ò lè bá a jà, torí ọwọ́ rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù mi wà. Nígbà tí òun àti òyìnbó náà lọ jẹun, mo fa igi náà yọ, mo gbá bọ́ọ̀lù kan. Ó lọ tààrà.

Lẹ́tà ìṣáájú tó ní kí àbúrò mi Rámónì máa bọ̀ níbí, kóòṣì ló ní kí n kọ ọ́. Kó má wá o! Bí àwọn èèyàn kóòṣì bá wá mú un, sọ pé ó ti ríṣẹ́ sí Wharf Road.

Bá mi kí Màámi. Sọ fún wọn pé mò ń gbádùn. Gbá Sèmíù mọ́ra fún mi.

Ọkọ rẹ,
Múfútáù