Ọmọ Tí Kì Í Sùn Lórí Itan

Bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ má wá wa kiri, a ti gbọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Fóònù yín kò wọlé. Ìyá mi ló pè láàárọ̀ pé ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ òun, òun sì fẹ́ fojú kan ọmọ ná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tojú sú mi. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi sọ pé orí itan mi ni ọmọ máa wà títí a ó fi balẹ̀. Ọmọ yín tí kì í sùn àfi lẹ́yìn! Mo pọ̀n ọ́n jókòó sórí àga wò, ẹ̀yìn àga há a mọ́ mi lára, ó figbe ta. Mo gbé e sórí itan, ó ń wò mí bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Mo ki ọ̀já bọ báàgì, mo yọ ọ́, mo tún dá a padà. Bí ẹ bá bá a lórí tábìlì, a jẹ́ pé mo tún yọ ọ́ nìyẹn.

Aṣọ yín wà lórí okùn, ẹ kó o kí òjò tó dé.

Mo ní ọmọ ni mò ń gbé lọ fún ìyá mi, àmọ́ kò dá mi lójú mọ́. Ó jọ pé èmi gan-an ni mò ń wá itan tí mo máa jókòó lé.