Wáyà Tí O So Pọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná Wa

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Lugbe, Àbújá.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Dọ̀tun, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kwali tí o sá lọ? Ṣé ọyẹ́ ò tíì fún ọ ní ikọ́ tó máa ń fún ọ lọ́dọọdún? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo kí ọ torí pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà ní Ìkìrun nìyẹn, kì í ṣe torí pé inú mi dùn sí ọ. Inú mi ò dùn sí ọ rárá! Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ọ́ láti ọjọ́ Àìkú, o ò gbé e. Tọ́pẹ́ ọkọ mi pè ọ́, o gbé e, bí o ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, o pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé. Ìwé ò ní bọ́tìnnì tí o máa tẹ̀ pa.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí o má bàa ní o ò gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màmá mi gbé Tèmídayọ̀ wọ balùwẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. O mọ bí màmá ṣe ń wẹ ọmọ, wọn kì í kánjú. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, omi gbígbóná á sì máa ṣàn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ti ní kí n fi ìró di fèrèsé, kí atẹ́gùn ọyẹ́ má bàa wọ ọmọ lára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì í. Mo gbà, ìyẹn tèmi ni.

Mo wà ní kíṣìnnì, mo ń po ògì, ọmọ ń ké bó ṣe máa ń ké. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ẹkún mọ́. Mo dúpẹ́ pé ó ti sùn. Dọ̀tun, mo dúpẹ́! Àfi ìgbà tí mo pe màmá tí wọn ò dáhùn. Mo ṣílẹ̀kùn, màmá ti fara ti ògiri, ojú wọn ti yí padà, ọmọ sì ń yọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn bọ́ sínú bàsíà omi. Mo gbé ọmọ sókè, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Tọ́pẹ́ wakọ̀ bíi wèrè dé ọsibítù, àwọn dókítà ní èéfín gáàsì ni wọ́n fà símú, wọ́n sì fi ọ́síjìn sí àwọn méjèèjì nímú títí di ọ̀sán. Wọ́n wà láàyè. Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ránṣẹ́ pe Gàníyátù, obìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ gáàsì ṣe létí títì níbí. Ó tú ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná lára ògiri balùwẹ̀ wa, ó sì ṣàlàyé inú rẹ̀ fún mi, èmi tí mo rò pé bátìrì méjì àti iná nìkan ló wà níbẹ̀. Tí a bá ṣí omi, nǹkan kékeré kan á máa yí nínú páìpù, òun ló ń sọ fún pátákó tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ pé omi ti ń bọ̀. Pátákó á ṣáná, tá-tá-tá, á ṣí gáàsì. Irin tín-ín-rín kan ń ṣọ́ ọ bóyá iná ràn. Bí kò bá ràn, gáàsì á tì. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, wà lókè, níbi tí èéfín ń gbà jáde. Bí èéfín bá ń padà wọlé, òun ló máa pa gbogbo rẹ̀, á sì kọ E3 sójú ẹ̀rọ.

E3, Dọ̀tun! E3 tí mo torí rẹ̀ pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù Ọ̀pẹ! O ní ẹ̀rọ náà ń ṣàṣejù. O gé wáyà sẹ́ńsọ̀ yẹn, o so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, o fi téèpù dúdú wé e. E3 lọ, a pàtẹ́wọ́ fún ọ, màmá gbàdúrà lé ọ lórí. Kai! Ẹ̀rọ ń ké pé èéfín fẹ́ pa wá, ìwọ dí i lẹ́nu. Gàníyátù gun òkè lọ wo páìpù èéfín tí o ní o ti yọ síta. Inú àjà ilé lo parí rẹ̀ sí. Ó wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, tàwòrántàwòrán, pé ìta ni kó yọ sí. Ìwé yẹn lo fi nuwọ́, gíríìsì ìka rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ omi lo kọ́, ta ló ní kí o fọwọ́ kan gáàsì? Ojú ló ń tì ọ́. Láti kékeré, o lè jẹ iyanrìn kí o tó sọ pé o ò mọ nǹkan.

Ǹ bá má tilẹ̀ kọ̀wé, ká ní tiwa nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo fi yangàn pé bí o ṣe ṣe tiwa gẹ́lẹ́ lo ṣe ti màmá rẹ, àbúrò màmá mi, ní Jikwoyi. Mo pè wọ́n láàárọ̀ àná, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ṣe é. Tọ́pẹ́ lọ bá wọn pẹ̀lú Gàníyátù, wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àfi tí Dọ̀tun bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun ò dáa.

Màmá mi ní kí n kí ọ, wọn ò bínú. Èmi ń bínú fún àwa méjèèjì. Bá mi kí ọ̀gá tí o ń ṣiṣẹ́ fún, kí o sì tọrọ àyè. Wáyà tí Gàníyátù gé jáde wà nínú àpòòwé yìí, téèpù rẹ ṣì wà lára rẹ̀. Má wá bẹ̀ mí, mi ò tíì fẹ́ rí ọ. Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ń padà ní aago mẹ́rin, mo ti san owó ìjókòó rẹ. Lọ sọ fún màmá rẹ pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni wọ́n ń wẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
Fèyí.